Ìkarahun Tí Kò Ká: Ìtàn Àwọn Ámónáìtì Aláràbarà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò tíì rìn jìnnà. Láti ilé dé ilé-ìwé ni ìrìn mi mọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé sáyẹ́ǹsì kan ní yàrá ìkàwé wa ni mo ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ tèmi. Àwòrán òkúta kan ni. Ó lọ́ pọ̀ bí ìfun ẹran tí alápatà kó sínú abọ́: ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó tún padà gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kọjá. Orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni Nipponites mirabilis. Wọ́n ní ẹ̀dá kan tó gbé inú òkun ní nǹkan bí 90 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló ni ín, ìkarahun rẹ̀ ló sì di òkúta bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Ẹni tó mọ èyí ti ní láti mu ẹmu yó."

Nígbà tí mo ka ìtàn rẹ̀ tán, ojú tì mí. Mo rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé tó ju mí lọ fíìfíì ti wo irú ìkarahun yìí ṣáájú mi, tí wọ́n sì sọ ohun tó burú ju ẹ̀rín tèmi lọ. Wọ́n ní arúgbó ni, àti pé ìran tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń múra ikú. Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ yìí, àti bí ẹjọ́ náà ṣe yí padà, ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ámónáìtì jẹ́. Kì í ṣe ìgbín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkarahun èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ká bíi ti ìgbín. Ìbátan octopus àti squid ni. Ẹran ara rẹ̀ kì í kún gbogbo inú ìkarahun rẹ̀. Bí ó ṣe ń dàgbà ni ó ń sún síwájú, tí ó sì ń mọ ògiri sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, títí inú ìkarahun náà yóò fi di ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá. Yàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni ó ń gbé. Okùn ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú gbogbo yàrá ẹ̀yìn kọjá. Okùn yìí ni ó fi ń fa omi kúrò níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ìkarahun tó wúwo fa ẹ̀dá náà rì sí ìsàlẹ̀ òkun. Nautilus, tó ṣì wà láàyè nínú òkun Pacific àti òkun India, ń lo ọgbọ́n kan náà títí di òní.

Ìran ńlá tí àwọn ámónáìtì ti jáde bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó parí ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ní àkókò kan náà tí àwọn dáínósọ̀ ńlá parẹ́. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nítorí pé a óò padà sí i: àwọn baba ńlá ìran yìí kò ká rárá. Wọ́n gún gbọọrọ bí ọ̀pá. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, tí wọ́n ń ká, títí wọ́n fi ká jọ bí òṣùká. Bí òṣùká ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì rí láti ìgbà náà lọ.

Àwọn ènìyàn ti mọ òkúta yìí tipẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́. Ní Íjíbítì, wọ́n máa ń ya òrìṣà Amun pẹ̀lú ìwo àgbò. Nígbà tí Pliny, ará Róòmù tó kú ní ọdún 79, ń kọ̀wé nípa òkúta, ó mẹ́nu kan èyí tí wọ́n ń pè ní ìwo Ammon. Ibẹ̀ ni orúkọ ámónáìtì ti wá. Ní ìlú Whitby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbà pé ejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé Hilda, obìnrin mímọ́ tó jẹ́ olórí ilé ìjọsìn ńlá níbẹ̀ ní nǹkan bí 1,350 ọdún sẹ́yìn, ló gbàdúrà tí ejò ilẹ̀ náà fi di òkúta. Nítorí pé òkúta náà kò ní orí, àwọn oníṣòwò gbẹ́ orí ejò sí i kí ó lè tà. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀yà Blackfoot rí èyí tó gún bí ọ̀pá. Nígbà tó bá ṣẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń dà bí ẹran tó dúró lórí ẹsẹ̀. Wọ́n pè é ní iniskim, òkúta ẹfọ̀n, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun mímọ́ tó ń pe ẹran wá fún ọdẹ.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ, ìrísí ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní 1799, Lamarck, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ èyí tó gún gbọọrọ ní Baculites, nítorí pé ọ̀pá ni baculum lédè Látìn. Ní 1801, ó sọ èyí tó ká gòkè bí ilé ìṣọ́ ní Turrilites. Ní 1811, James Parkinson, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan náà tí àìsàn gbígbọ̀n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, sọ èyí tó tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja ní Hamites, ó sì pe èyí tó jọ ọkọ̀ ojú omi kékeré ní Scaphites. Ní 1842, Alcide d'Orbigny fi Ancyloceras kún un, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣùká, tó na tààrà, tó sì wá tẹ̀ padà ní ìparí. Gbogbo irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní heteromorph, ìyẹn ni pé ìrísí wọn yàtọ̀. Èmi yóò máa pè wọ́n ní ámónáìtì aláràbarà.

Ìṣòro wà nínú sísọ ẹ̀dá lórúkọ báyìí. Èkíní, àwọn ìkarahun wọ̀nyí rọrùn láti ṣẹ́. Ẹni tó bá rí apá tó gún lè pè é ní orúkọ kan, ẹni tó bá rí apá tó tẹ̀ lè pè é ní òmíràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkejì, pé nǹkan méjì jọra kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ámónáìtì kan wà tó gún bí ọ̀pá ní ìparí sáà Triassic, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rhabdoceras. Òun àti Baculites jọra lójú, ṣùgbọ́n ó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó jogún ọ̀pá lọ́wọ́ èkejì; ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti dé ibẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí ẹjọ́ náà gan-an. Alpheus Hyatt ni orúkọ ọ̀mọ̀wé náà, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1838 tó sì kú ní 1902. Kì í ṣe òpè. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Louis Agassiz, ó sì fi ojú ara rẹ̀ wo ìkarahun ámónáìtì tó pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà rí lọ. Láti 1866 ni ó ti ń kọ́ni pé bí ènìyàn kan ṣe ń jẹ́ ọmọdé, tó ń dàgbà, tó ń darúgbó, tó sì ń kú, bẹ́ẹ̀ náà ni odidi ìran ẹ̀dá. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí ámónáìtì kan bá dàgbà púpọ̀, ọ̀ṣọ́ ara ìkarahun rẹ̀ lè parẹ́, kí apá ìparí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nítorí náà, nígbà tí ó rí odidi ìran tí ìkarahun wọn tú láti kékeré, ó parí ọ̀rọ̀: ìran náà ti darúgbó. Lójú rẹ̀, Baculites tó gún bí ọ̀pá dà bí arúgbó tó padà di ọmọdé, nítorí pé ó ti padà sí ìrísí àwọn baba ńlá tó gún gbọọrọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ikú ló kù.

Èrò yìí kò bá Hyatt lọ sí sàréè. Ní Jámánì, Otto Schindewolf, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ tó lórúkọ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí ní ìgbà ayé rẹ̀, gbà pé ìran ẹ̀dá máa ń la ìpele mẹ́ta kọjá: ìbẹ̀rẹ̀ tó yára, àárín tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti òpin tí gbogbo nǹkan ń tú. Ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní 1950. Nígbà tí wọ́n bá sì ń wá àpẹẹrẹ òpin yìí, àwọn ámónáìtì aláràbarà ni wọ́n máa ń nawọ́ sí.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ òkúta àti àwọn tó ti kú. Ohun tó kàn mí nìyí. Hyatt kò fi èrò rẹ̀ mọ sórí ìkarahun. Ní 1897, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ipa obìnrin nínú ìdàgbàsókè ìran ènìyàn. Níbẹ̀ ni ó ti kìlọ̀ pé bí obìnrin bá ń ṣe bí ọkùnrin, tí iṣẹ́ àti ìgbé ayé àwọn méjèèjì ń jọra, àmì pé ìran ènìyàn ń padà sẹ́yìn ni. Obìnrin ni mí. Nígbà tí mo sọ nílé pé ẹ̀kọ́ nípa àpáta ni mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ẹnìkan nínú ẹbí wa rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ti bàjẹ́ nígbà tí obìnrin bá ń gbé òòlù lọ fọ́ òkúta. Kò ka ìwé Hyatt rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Ohun tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni pé Hyatt yìí kan náà ló fún ámónáìtì kan ní orúkọ Hildoceras, láti fi rántí Hilda, obìnrin Whitby tó jẹ́ olórí lórí tọkùnrin tobìnrin.

Nítorí náà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ẹjọ́ náà. Bí ìkarahun tó tú bá jẹ́ àmì arúgbó ní tòótọ́, ó yẹ kí a rí i nínú òkúta. Ẹ̀rí mẹ́rin ni mo rí.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ti àkókò. Àwọn aláràbarà kò yọjú ní ìparí nìkan. Wọ́n yọjú ní ìparí sáà Triassic, ó lé ní 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wọ́n tún yọjú ní àárín sáà Jurassic, nígbà tí Spiroceras wà. Lẹ́yìn náà ni ìran ńlá wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Jurassic, tí ó sì la gbogbo sáà Cretaceous já dé 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìran ńlá yìí nìkan lo nǹkan bí 80 mílíọ̀nù ọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún tí wọ́n fi wà láyé ju iye ọdún tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti kú lọ. Irú arúgbó wo ló ń lo 80 mílíọ̀nù ọdún lórí ibùsùn ikú? Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń ṣojòjò níbẹ̀. Nínú òkun tó bo àárín Àríwá Amẹ́ríkà nígbà náà, Baculites pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ sì ń yí padà kíákíá tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bíi William Cobban fi ń lò ó láti mọ ọjọ́ orí àpáta. Ẹni tó bá rí irú Baculites kan mọ ìpele àpáta tí òun wà.

Ẹ̀rí kejì ni ti ìgbé ayé wọn. Àwọn tó pè wọ́n ní aláìsàn rò pé ẹ̀dá tí ìkarahun rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ kò lè rìn dáadáa nínú omi. Ní 1941, Arthur Trueman, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó, ó ṣírò rẹ̀. Ó wá ibi tí ìwúwo ẹ̀dá náà pọ̀ sí, ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e sókè, ó sì fi hàn pé wọ́n lè léfòó, àti pé ìrísí kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń dúró nínú omi. Baculites, fún àpẹẹrẹ, máa ń dorí kodò, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè. Ní 2011, Isabelle Kruta, Neil Landman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé Baculites lọ sí abẹ́ ìtànṣán X-ray tó lágbára gan-an ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n rí ahọ́n rẹ̀ tó ní eyín wẹ́wẹ́, wọ́n sì rí oúnjẹ tí kò tíì gbé mì: àjákù ẹ̀dá kékeré tó jẹ́ ìbátan edé, àti ọmọ ìgbín òkun. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń fò káàkiri nínú omi ni ó ń jẹ. Kò nílò láti sáré lé ẹja. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ń léfòó yí i ká, kí ni yóò fi eré sísá ṣe?

Ẹ̀rí kẹta ló dùn mọ́ mi jù, nítorí pé ó jọ ohun tí a mọ̀ nílé. Láyé àtijọ́, ilà ojú ni wọ́n fi ń mọ ìdílé. Ènìyàn lè wọ aṣọ àlejò, ó lè sọ èdè àlejò, ṣùgbọ́n àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ ojú rẹ̀ yóò sọ agboolé tó ti wá. Ámónáìtì náà ní ilà. Ibi tí ògiri yàrá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti kan ara ìkarahun, ilà kan wà níbẹ̀ tó rí gánnagànna bí etí ewé. Onímọ̀ tó bá fẹ́ mọ ìdílé ámónáìtì kì í wo bí ó ṣe ká nìkan. Ilà yìí ni ó ń wò, pàápàá ilà tó wà lára rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin. Ámónáìtì tó wọ́pọ̀ ní Jurassic àti Cretaceous ní ìtẹ̀sẹ́yìn márùn-ún nínú ilà ìgbà èwe rẹ̀. Ìran ńlá àwọn aláràbarà ní mẹ́rin. Jost Wiedmann, ọmọ Jámánì, ló tẹpẹlẹ mọ́ iṣẹ́ yìí. Ní 1966 ni ó kó ìran wọn jọ sí agboolé kan tó pè ní Ancyloceratina.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1969 ló fọ́ ẹjọ́ Hyatt. Wiedmann fi hàn pé àwọn kan wà láàárín sáà Cretaceous, irú bíi Deshayesites àti Douvilleiceras, tí wọ́n ká jọ dáadáa bí òṣùká, tí kò sí ẹni tó máa pè wọ́n ní aláràbarà. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ilà wọn, ilà ilé Ancyloceras ló wà lára wọn. Àwọn baba wọn ti tú, àwọn ọmọ sì tún padà ká! Bí títú bá jẹ́ ogbó, ta ló ti rí arúgbó tó padà di ọ̀dọ́ rí? Kì í ṣe ọ̀nà ikú ni títú. Ọ̀nà ìgbé ayé kan ni, tí ìran lè gbà lọ, tí ó sì lè gbà padà.

Ẹ̀rí kẹrin mú wa padà sọ́dọ̀ Nipponites tí mo fi rẹ́rìn-ín. Hisakatsu Yabe ló sọ ọ́ lórúkọ ní Jàpáànì ní 1904, láti inú àpáta erékùṣù Hokkaido. Ẹni tó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo lè rò pé jàǹbá ló ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí òmíràn, wọ́n tún rí òmíràn, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì gbà lọ́. Àìsàn kì í ya àwòrán kan náà sára gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1980 sí 1989, Takashi Okamoto gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó rí i pé òfin tó rọrùn ló wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ̀dá náà ṣe ń dàgbà, ìdúró rẹ̀ nínú omi ń yí padà. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti ń wo òkè jù, á yí ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ilé padà. Bó bá ti ń wo ìsàlẹ̀ jù, á tún yí i padà. Yíyí sí ọ̀tún, yíyí sí òsì, kí ẹnu lè wà níbi tó yẹ: gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo pè ní iṣẹ́ ọ̀mùtí, iṣẹ́ ẹni tó ń gbìyànjú láti má ṣubú ni. Ní 2020, David Peterman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi àwòrán kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó lè léfòó láìrì, pé ó sì lè máa yí po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú omi. Lónìí, Nipponites ni àmì ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ayé àtijọ́ ní Jàpáànì.

Kí ló wá pa wọ́n? Nítorí òtítọ́ ni pé wọ́n kú. Baculites, Diplomoceras àti àwọn ìbátan Scaphites wà lára àwọn ámónáìtì tó pẹ́ jù láyé, láti ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà títí dé Antarctica. Ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta ńlá kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá já bọ́ láti ojú ọ̀run sí ibi tó di Chicxulub ní Mẹ́síkò. Eruku àti èéfín bo oòrùn. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí oòrùn ń bọ́ nínú òkun kú, àwọn tó ń jẹ wọ́n sì tẹ̀ lé wọn. Ọmọ tuntun ámónáìtì kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, láàárín àwọn ẹ̀dá kéékèèké yẹn ni ó sì ń gbé. Nautilus ní tirẹ̀ ń yé ẹyin ńlá, ọmọ rẹ̀ sì ń jáde pẹ̀lú ara tó ti tóbi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìyàtọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí Nautilus là á já. Ẹ sì kíyè sí i: àwọn ámónáìtì tó ká bí òṣùká náà kú. Ikú kò wo ẹni tó ká, kò wo ẹni tó tú. Bí ìrísí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ti ẹni tó ká jẹ́?

Ó wù mí láti rí ọ̀kan fi ọwọ́ kàn. Ní Nàìjíríà, àpáta sáà Cretaceous tó ní ámónáìtì wà ní àwọn apá ìlà-oòrùn àti àríwá ìlà-oòrùn. Richard Reyment kọ̀wé lórí ti gúúsù Nàìjíríà àti gúúsù Kamẹrúùnù ní 1955, ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ àpáta Nàìjíríà sì jáde láti Ibadan University Press ní 1965. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí mo kọ́kọ́ rò ni Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta náà ti wá. Ṣùgbọ́n mo kà pé sáà Paleocene ni ó jẹ́, sáà tó tẹ̀ lé àjálù náà gan-an. Nígbà tí òkun bo Ewékorò, tí ó sì tẹ́ òkúta yìí, àwọn ámónáìtì ti lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò lè wo ògiri yàrá ìkàwé wa bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú sìmẹ́ńtì rẹ̀ ni díẹ̀ lára òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin wọ́n wà.

Mi ò sọ ìtàn yìí láti fi Hyatt ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Iṣẹ́ tó ṣe lórí ìkarahun, tó ń tọpa bí ẹ̀dá kan ṣe ń yí padà láti èwe dé ìgbà ogbó, ṣì wúlò. Lára ohun tó ṣì í lọ́nà ni pé ó rí àwọn aláràbarà tó pọ̀ nínú sáà tó ṣáájú ikú, ó sì rò pé wọ́n ló fà á. Ẹni tó bá ọmọ lẹ́bàá ìkòkò tó fọ́, tó sì nà án láìbéèrè, ohun tó ṣe nìyẹn. Àṣìṣe rẹ̀ kejì ló wúwo jù: ó mú ohun tí kò tíì dá a lójú nípa ìkarahun, ó fi dá ẹjọ́ ènìyàn.

Àwọn baba wa náà rí ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n rí abuké, wọ́n rí àfín. Wọn kò sọ pé òpin ìran dé. Ẹni òrìṣà ni wọ́n pè wọ́n, ìyẹn ni pé ẹni tó mọ wọ́n mọ ohun tó ń ṣe. Mo ti padà sí yàrá ìkàwé láti tún wo àwòrán Nipponites náà. Mo fi ìka tẹ̀ lé e láti ibi tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, títí mo fi dé ẹnu rẹ̀, n kò sì ṣìnà. Ẹni tó rẹ́rìn-ín nílé wa kò tíì yí ọkàn rẹ̀ padà. Èmi náà kò yí tèmi padà. Ẹ̀kọ́ àpáta ni mo máa kọ́, n ó sì gbé òòlù mi dání.